Ìdáàbòbò ológbò aláìnírun lọ́wọ́ oòrùn

Ìdáàbòbò ológbò aláìnírun lọ́wọ́ oòrùn ni ìtọ́jú tí àwọn tó ń sin ológbò tí kò nírun lára ń ṣe kí ìtànṣán oòrùn má baà jó awọ ẹran náà. Sphynx ni gbajúmọ̀ jù nínú irú ológbò bẹ́ẹ̀. Ìlú Toronto ní Kánádà ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1966, nígbà tí ológbò ilé kan bí ọmọ tí kò nírun. Irú ológbò aláìnírun mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Donskoy, jáde ní Rostov-on-Don, ní Rọ́ṣíà, lọ́dún 1987. Àyípadà inú jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara tó ń pinnu ìrísí ẹran) tí wọ́n ń pè ní KRT71 ló gba irun lára Sphynx. Ti Donskoy yàtọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bákan náà ni oòrùn ṣe ń bá àwọn méjèèjì jà.

Irun ni ó máa ń gba ìtànṣán UV, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, mọ́ra kó tó kan awọ ológbò. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ Sphynx ní irun wínníwínní tí èèyàn lè fọwọ́ bà, àmọ́ ìyẹn kò tó dí ohunkóhun. Àwọ̀ tí irun ì bá ní máa ń hàn lára awọ wọn. Ibi tó dúdú ní mẹ́lánìn, èròjà tó ń mú awọ dúdú, ó sì lè fara da oòrùn díẹ̀. Ibi tó funfun tàbí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń tètè jó. Nítorí náà ni ológbò onírun tí etí rẹ̀ funfun náà fi máa ń ní ìṣòro yìí ní etí àti imú.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ológbò aláìnírun kì í sá fún oòrùn, ńṣe ló ń wá a kiri. Ooru ara rẹ̀ ń tètè jáde nítorí kò sí irun tí yóò dá a dúró, nítorí náà ibi tí oòrùn bá ti yọjú wọlé ni yóò lọ sùn sí. Oríṣi UV méjì ló ń kan awọ. Gíláàsì fèrèsé máa ń dá púpọ̀ nínú UVB, tó ń jó awọ kíákíá, dúró, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú UVA, tó ń wọ inú awọ lọ jìnnà, ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ewu ológbò inú ilé kéré sí ti èyí tó ń jáde, kò kàn tán pátápátá ni.

Etí, imú, ìpéǹpéjú, àtàrí àti ẹ̀yìn ló sábà máa ń jó. Awọ á kọ́kọ́ pọ́n, á gbóná, lẹ́yìn náà á máa bó, èépá á sì máa yọ. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ awọ ara. Ojú egbò kékeré lásán ni jẹjẹrẹ náà máa ń jọ níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà egbò etí tàbí imú tí kò bá jinná yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko láìpẹ́. Bí jẹjẹrẹ náà bá ti wọ etí lára, wọ́n lè ní láti gé ṣóńṣó etí náà kúrò.

Ààbò tó dára jù ni kí wọ́n fún ẹran náà ní ooru láti ibòmíràn: ibùsùn tó móoru, tó jìnnà sí fèrèsé, kò ní jẹ́ kó máa wá oòrùn kiri. Láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aṣọ fèrèsé tàbí ọ̀rá adènà ìtànṣán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì wúlò púpọ̀. Ẹ̀wù òwú fẹ́lẹ́ ń bo ẹ̀yìn àti ikùn, kì í bo etí. Ó sì yẹ kí wọ́n máa fọ ẹ̀wù náà déédéé, nítorí òróró tí irun ì bá fà mu ń dúró sí ojú awọ, á sì máa ràn mọ́ aṣọ.

Ìpara adènà oòrùn tí ènìyàn ń lò kò yẹ ológbò. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fi pa á lára ni yóò lá. Zinc oxide tó wà nínú ọ̀pọ̀ irú ìpara bẹ́ẹ̀ lè ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́. Octisalate àti homosalate, tí wọ́n tún máa ń fi sínú ìpara bẹ́ẹ̀, jẹ́ ìbátan aspirin, ẹ̀dọ̀ ológbò kì í sì í lè tètè palẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún ológbò gan-an, tí dókítà ẹranko sì fọwọ́ sí, nìkan ni kí wọ́n lò. Òrí àti òróró àgbọn kò lè dí ìtànṣán náà tó.

Bí oòrùn bá ti jó ológbò, kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tútù lé ojú ibẹ̀, kí wọ́n má lo yìnyín. Wọn kò gbọdọ̀ fún un ní oògùn ìrora ti ènìyàn. Hóró paracetamol kan ṣoṣo lè pa ológbò, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Èrìgì rẹ̀ á ṣú, èémí á sì di ogun. Bó bá ti gbé e mì, ilé ìwòsàn ẹranko ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí àmì kankan tó hàn.