Hepatitis C: ọdẹ kò sùn, okùn agogo ni wọ́n gé

Ní Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́, kò ṣòro kí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó ní hepatitis C, àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, rí ẹni tí yóò ta àgbo "tó ń jí ọmọ ogun ara" fún un. Wọ́n gbà pé ọmọ ogun ara ti sùn lọ. Kò sùn rárá. Ìwádìí lórí ẹ̀dọ̀ àwọn tí àrùn yìí ti pẹ́ lára wọn fi hàn pé àwọn jíìnì tó máa ń gbéra tí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé lè máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì náà má lọ.

Bó ṣe ń ràn, ẹ jẹ́ ká fò ó: ẹ̀jẹ̀ ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti abẹ àlòpọ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Purotéènì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RIG-I. Kì í dúró kí ara kọ́kọ́ kọ́ bí ọ̀tá ṣe rí. A bí i mọ́ wa ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ RNA, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí wọ́n fi lẹ́tà kẹ́míkà kọ, wò, kó sì mọ èyí tí kì í ṣe ti ara. RNA hepatitis C gùn tó nǹkan bí 9,600 lẹ́tà, lápá ìparí rẹ̀ sì ni lẹ́tà U ti tò léra léra. Ibẹ̀ ni RIG-I ti ń dá a mọ̀. Á wá lọ bá MAVS, purotéènì tó so mọ́ ara mitochondria, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì. Ìròyìn tí MAVS bá gbé jáde ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tú interferon, purotéènì tó ń kéde pé fáírọ́ọ̀sì ti dé, síta, interferon á sì ta jíìnì tó ju ọgọ́rùn-ún lọ jí, nínú sẹ́ẹ̀lì náà àti nínú àwọn tó múlé tì í.

Ká ní àdúgbò kan ní Ijapo gba ọdẹ, wọ́n sì so okùn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ìdí agogo ńlá lọ́gbà alága àwọn onílé. Olè wọlé, ọdẹ rí i, ó fa okùn. Agogo ò dún. Olè ti gé okùn. Àwọn onílé ṣèpàdé, wọ́n ní ọdẹ kan ò tó, wọ́n gba mẹ́wàá sí i. Gbogbo wọn rí olè, gbogbo wọn fa okùn kan náà. Ẹni tó bá ka iye ọdẹ nìkan á ní kò sí àdúgbò tó láàbò tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Àkúrẹ́. Owó oṣù ń jáde, àwo ẹ̀wà ọdẹ ń lọ, olè náà ń gbé tẹlifíṣọ̀n.

NS3/4A, purotéènì tirẹ̀ kan tó ń ṣe bí abẹ, ni fáírọ́ọ̀sì fi ń gé okùn. Ohun tó jọni lójú ni pé kò rọ irinṣẹ́ ogun lọ́tọ̀. Gbọọrọ kan ṣoṣo ni fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń ṣe àwọn purotéènì rẹ̀, NS3/4A ló sì ń gé púpọ̀ nínú wọn sọ́tọ̀ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Ohun èlò yìí kan náà ló fi ń gé MAVS kúrò lára mitochondria. Ara náà sì lẹ́bi tirẹ̀: MDA5, aṣọ́nà kejì, MAVS yìí náà ló gbára lé. Aṣọ́nà méjì, okùn kan! TLR3, aṣọ́nà kẹta, gba ọ̀nà mìíràn, purotéènì tó ń jẹ́ TRIF ni okùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò yàrá ìwádìí NS3/4A gé ìyẹn pẹ̀lú.

Àwọn kan ṣì ń bọ́: nínú ẹni 100, ara nǹkan bí 15 sí 45 máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà.

Níbo wá ni ariwo jíìnì ti ń wá? Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni fáírọ́ọ̀sì wọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò kan tó ní TLR7, aṣọ́nà mìíràn, lè rí RNA rẹ̀ láìsí NS3/4A tí yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n sì ń tú interferon síta. Nígbà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ interferon ni ìtọ́jú, àwọn tí jíìnì ẹ̀dọ̀ wọn ti ń pariwo jù ṣáájú abẹ́rẹ́ gan-an ni oògùn náà kì í sábà ṣe dáadáa fún. Kí ẹni tó ń ta àgbo ajíni ro ìyẹn wò.

Ọdún 2011 ni oògùn tó ń dí NS3/4A lọ́wọ́ kọ́kọ́ jáde. Àwọn oògùn òde òní, tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n sì ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, ń wo ohun tó ju 95 sàn nínú ẹni 100. Kò tíì sí àjẹsára rẹ̀, ẹni tó sàn sì lè tún kó o. Àyẹ̀wò RNA ló ń sọ bóyá fáírọ́ọ̀sì ṣì wà lára. Àyẹ̀wò antibody, ìyẹn purotéènì tí ara ṣe láti fi bá fáírọ́ọ̀sì jà, sábà máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kódà fún ẹni tó ti sàn.