Ṣé lóòótọ́ ni epo jíà kì í gbó? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ní ọkọ̀ mánúà àtijọ́

Corolla, Golf 3, Honda àti Peugeot mánúà tó ti lé lógún ọdún ṣì ń rìn ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n kì í jẹ́ kí epo ẹ́ńjìnì pẹ́ jù, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì jíà rí. Jíà mánúà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ti ótò yàtọ̀ pátápátá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní epo jíà kì í gbó, torí pé iná kì í jó nínú jíà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Iná kì í jó níbẹ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí epo jíà fi ń pẹ́ ju ti ẹ́ńjìnì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ní fílítà, jíà mánúà ò ní. Irin tó bá yún lára eyín jíà àti béárìn, inú epo yẹn náà ló ń wà, tí á máa bá a yí ká. Ooru ń jẹ èròjà inú epo díẹ̀díẹ̀, omi sì lè gba ihò èémí orí jíà wọlé tí ọkọ̀ bá wọ àgbàrá tó jìn.

Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 40,000 sí 60,000 kìlómítà. Ẹni tó ń fi ẹrù gun òkè lójoojúmọ́, láti Ifẹ̀ lọ Iléṣà tàbí láti Iléṣà gba Ẹ̀rìn lọ Àkúrẹ́, kó má dúró de 60,000. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tí ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta epo, 90 tàbí 140 ló máa ń bi mí. Èwo ni kí n gbà?

Ohun méjì ló yẹ kí ẹ kà lára ike epo, ọ̀kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà. Àkọ́kọ́ ni bó ṣe ki tó: 75W-90, 80W-90, 85W-140. Ìkejì, tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, ni GL-4 tàbí GL-5. Ìyẹn ló ń sọ bí èròjà tó ń dáàbò bo eyín lábẹ́ ìnira ṣe pọ̀ tó. Imí ọjọ́ wà nínú èròjà yẹn. Òun ló ń fún epo jíà ní òórùn rẹ̀.

Nínú jíà, òrùka idẹ kan wà fún jíà kọ̀ọ̀kan tó ń lọ síwájú, tí wọ́n ń pè ní synchro. Bí ẹ bá ti ọ̀pá jíà sí kejì, eyín ò kàn ń wọnú eyín lọ bẹ́ẹ̀. Òrùka yẹn ló kọ́kọ́ máa gbá jíà náà mú, tí á mú kí eré àwọn méjèèjì dọ́gba, kí eyín tó wọlé. Kó tó lè gbá a mú, ó gbọ́dọ̀ fi àwọn ìlà tín-ín-rín inú rẹ̀ gé epo kúrò lójú irin. Bí epo bá ti yọ̀ jù, òrùka á máa yọ̀ lórí irin, ẹ ó sì gbọ́ kín-ín-rín nígbà tí ẹ bá ń yí jíà. Bí epo bá ti ki jù, òrùka ò ní tètè gé e. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n da 140 sí kì í fẹ́ wọ jíà kejì láàárọ̀ ọyẹ́.

Difárẹ́ńṣà ẹ̀yìn (àpótí eyín tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì), níbi tí eyín ti ń há ara wọn gidi, ni wọ́n dìídì ṣe GL-5 fún. Èròjà tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti GL-4, òmíràn nínú rẹ̀ sì ń jẹ idẹ bí ó bá ti gbóná. Nítorí náà, 75W-90 GL-4 ni ẹ béèrè fún jíà mánúà àtijọ́, bí ìwé ọkọ̀ yín ò bá sọ nǹkan míì. Ẹ má gbà kí wọ́n ní GL-5 dára jù torí pé márùn-ún ju mẹ́rin lọ. Ìwé Corolla gbà yálà GL-4 tàbí GL-5, síbẹ̀ GL-4 la máa mú.

Àwọn kan wà tí kì í lo epo 90 rárá. Honda àwọn ọdún 1990, epo MTF (epo jíà mánúà) tiwọn tàbí epo ẹ́ńjìnì 10W-30 ni ìwé wọn ní kí wọ́n lò. Peugeot 504, epo ẹ́ńjìnì ni jíà rẹ̀ ń mu. BMW àtijọ́ kan ní ìwé pélébé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà tó kọ ATF sí, ìyẹn epo jíà ótò. Ẹ wo ti yín kó tó di pé ẹ na owó.

Ní ti 140, ó máa ń pa ariwo béárìn tó ti jẹ mọ́lẹ̀. Kò tún un ṣe. Bí ẹnì kan bá ń ta ọkọ̀ fún yín, tí ọ̀pá jíà sì le láàárọ̀ ṣùgbọ́n tó rọ̀ lọ́sàn-án, ẹ bi í léèrè epo tó wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Lítà mélòó?

Corolla àwọn ọdún 1990 ń gba nǹkan bí 1.9 lítà, ọ̀pọ̀ Golf 3 sì ń gba nǹkan bí 2. Ẹ ra lítà mẹ́ta kó má bàa tán mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa ṣe é nílé?

Ẹ wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí epo lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ lè ti Lagere lọ sí ẹnu ọ̀nà OAU kẹ́ ẹ sì padà. Ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ sì fi sítáǹdì onírin mẹ́rin gbé e dúró, kí iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì gbé ọkọ̀ tí ẹ máa wọ abẹ́ rẹ̀. Ó lè fọ́ lójijì láìsí àmì kankan, ó sì ti pa èèyàn. Bí ẹ bá rí kòtò mẹkáníìkì lò, ìyẹn dára jù.

Nọ́ọ̀tì méjì ni ẹ ń wá: ti ẹ̀gbẹ́, tí a ń gbà da epo tuntun, àti ti ìsàlẹ̀, tí epo àtijọ́ ń gbà jáde. Ti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Bí ẹ bá tú ti ìsàlẹ̀, tí epo dà tán, tí ti ẹ̀gbẹ́ wá kọ̀ láti tú, ọkọ̀ ò ní lè rìn mọ́, kò sì sí ibi tí ẹ máa gbà da epo sí i.

Lára Corolla, sípánà 24 ló ń tú méjèèjì. 14 ni ti epo ẹ́ńjìnì, torí náà ẹ ò lè ṣì í. Ẹ lo sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, torí onígun méjìlá máa ń bó orí nọ́ọ̀tì. Bí ó bá ti dípẹtà, ẹ fọ́n epo tó ń tú ìpẹtà sí i, kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ tó fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ lórí.

Ihò onígun mẹ́fà 17 ló wà lórí nọ́ọ̀tì Golf 3. Bí ẹ ò bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ wá bóòtì tí orí rẹ̀ jẹ́ 17, ẹ de nọ́ọ̀tì méjì mọ́ra wọn lára rẹ̀ gbọn-in gbọn-in, ẹ ki orí bóòtì bọ ihò náà, kí ẹ fi sípánà yí nọ́ọ̀tì.

Ẹ tú ti ìsàlẹ̀ wàyí, kó dà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi wọ́ṣà tuntun sí i, ẹ dè é padà. Alumíníọ̀mù ni ara jíà. Ẹni tó bá fi páìpù gùn sípánà láti dè é á bó ojú okùn rẹ̀. Fún dída epo tuntun, ẹ ki rọ́bà tó gùn tó mítà kan ààbọ̀ bọ ihò ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé òkè rẹ̀ gba ibi ẹ́ńjìnì wá sókè, ẹ fi àrọ sí i. Bí epo ò bá tètè lọ, ẹ gbé ike rẹ̀ sóòrùn díẹ̀. Ẹ dúró nígbà tí ó bá ń kán jáde ní ihò ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá kún jù, ó lè ti ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú), kó sì dé ojú kílọ́ọ̀ṣì, kílọ́ọ̀ṣì á wá máa yọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni epo tó jáde lè sọ fún mi?

Ẹrẹ̀ dúdú rírọ̀ lórí mágínẹ́ẹ̀tì nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Tí ẹ bá fi ìka méjì rá a, tó sì dán láìgún yín, ẹ nù ún kúrò. Èyí tó bá jẹ́ èérún tó gún ọwọ́, eyín tàbí béárìn ló fọ́. Ohun tó ń dán bíi wúrà, tí mágínẹ́ẹ̀tì ò mú, ara synchro ni. Epo tó funfun bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀: ẹ lo epo tuntun fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un pààrọ̀, kẹ́ ẹ sì wo ihò èémí.

Bí èyí tó dà bá dín jù, ẹ wá ibi tó ń jò. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, jíà karùn-ún wà ní ìparí, òkè epo, òun ni òùngbẹ kọ́kọ́ máa ń pa.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, jíà kejì ṣì ń ha.

Ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú jíà. Bí ríváàsì náà bá ń ha nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ò tú sílẹ̀ tán ni. Bó bá jẹ́ kejì nìkan ló ń ha, synchro rẹ̀ ló ti jẹ, epo ò sì lè dá idẹ padà.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n da èyí tó ti gbó sí?

Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tó ń tà á fún àwọn tó ń kó epo àtijọ́ jọ. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀yìnkùlé. Kànga la ṣì ń mu nínú ọ̀pọ̀ ilé níbí.