Omidùn, ogun àti pẹnisílìnì

Kò sí ẹni tó ń ta ògì l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ omidùn, omi kíkan tó máa ń lékè ògì. Òun la máa ń rẹ egbò igi sí bí ibà bá dé. Irú omi àgbàdo bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí pẹnisílìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, pọ̀ kárí ayé.

Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti wà nílùú wa láti 1907, kò tíì sí oògùn yìí nígbà náà. London ni Alexander Fleming ti rí i ní 1928, lára ohun tó jọ èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá bu. Ṣíṣe é ní púpọ̀ ló da àwọn onímọ̀ láàmú. Ní 1941, wọ́n gún ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ l'Oxford. Ara rẹ̀ ń yá, àfi bí oògùn ṣe tán! Wọ́n tilẹ̀ ń yọ èyí tó bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde kí wọ́n lè tún un lò. Kò tó. Ọkùnrin náà kú.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù Jámánì ń bọ́ lu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Howard Florey àti Norman Heatley, àwọn onímọ̀ Oxford, bá gbé iṣẹ́ náà lọ sí Peoria ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn àgbẹ̀ alágbàdo. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà níbẹ̀ ti ń wá ohun tí wọ́n lè fi àjẹkù irè oko ṣe kí ọ̀rọ̀ oògùn tó dé. Andrew Moyer tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ da omi àgbàdo tí àwọn tó ń ṣe sítáàṣì ń dà nù sí ohun híhù tó ń mú oògùn náà wá, oògùn náà sì pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ní Brooklyn ẹ̀wẹ̀, ó ti pẹ́ tí ilé iṣẹ́ Pfizer ti ń fi irú ohun híhù bẹ́ẹ̀ ṣe èròjà kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n ra ilé iṣẹ́ yìnyín àtijọ́ kan, wọ́n gbé àgbá ńláńlá síbẹ̀, iṣẹ́ pẹnisílìnì bẹ̀rẹ̀ ní March 1944. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì fi gúnlẹ̀ sí Normandy nílẹ̀ Faransé ní oṣù June, oògùn tó wà nílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù méjì abẹ́rẹ́. Ogun ló lé wọn sáré, ṣùgbọ́n ogun kọ́ ló kọ́ wọn níṣẹ́.

Kòrónà wọ Nàìjíríà ní February 2020. Kíá làwọn télọ̀ wa ti ń rán ìbòmú, nítorí ẹ̀rọ wà nílẹ̀, ọwọ́ sì mọ iṣẹ́. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, March 2021 ni àkọ́kọ́ tó dé láti Íńdíà, kò sì pé mílíọ̀nù mẹ́rin fún orílẹ̀-èdè tó lé ní igba mílíọ̀nù ènìyàn. A ti ní ilé iṣẹ́ àjẹsára ní Yaba rí, tó ń ṣe ti ṣọ̀pọ̀nná àti ti ibà pọ́njú. Láti 1991 ló ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ó sì ń dùn mí títí dòní.