Bí jẹ̀díjẹ̀dí bá ṣe yọ sí ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Lẹ́nu àwọn alágbo, jẹ̀díjẹ̀dí lè jẹ́ ẹ̀yìn ríro, inú kíkùn tàbí kí nǹkan ọkùnrin má dìde mọ́, ohun dídùn ni wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Èyí tí àwọn dókítà ń tọ́jú kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ní ẹran rírọ̀ kan tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ nínú ihò ìdí, bíi tìmùtìmù. Ó ń ran ihò náà lọ́wọ́ láti pa dé dáadáa. Ìgbà tó bá wú, tó sì ń sọ̀ wálẹ̀, ló di àìsàn. Ìgbẹ́ líle, fífi tipátipá yàgbẹ́ àti oyún wà lára ohun tó sábà máa ń fà á. Ṣúgà ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde máa ń já ènìyàn láyà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ohun tí dókítà ń wò. Bí ẹran náà ṣe ń yọ, àti bó ṣe ń padà, ni wọ́n fi pín in sí ìpele 4.

Èyí tí kì í yọ rárá, tó kàn ń ṣẹ̀jẹ̀, kò bá ọ̀bẹ dé ibì kankan. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti omi tó pọ̀ ni, kí ìgbẹ́ lè rọ̀. Kí fóònù sì dúró sí yàrá: ẹni tó bá gbé e wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í tètè dìde. Ìpara inú ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ń dín yíyún kù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá ń yọ nígbà tí ènìyàn ń yàgbẹ́, tó sì ń dá padà fúnra rẹ̀, oúnjẹ náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbìyànjú. Bí ìyẹn ò bá ràn án, rọ́bà ló kàn. Dókítà á ki ọ̀pá kékeré kan bọ ihò ìdí, á fa ẹran náà, á sì fi rọ́bà bíńtín so ìsàlẹ̀ ẹran náà pinpin. Ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹran náà á kú, á sì já bá ìgbẹ́ lọ. Wọn kì í sábà fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú, torí pé òkè inú ihò ìdí kì í mọ ìrora bí awọ ara ṣe ń mọ̀ ọ́n. Bí rọ́bà bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ jù, aláìsàn á pariwo. Abẹ́rẹ́ kan tún wà tó ń mú kí ẹran náà sún kì.

Rọ́bà yìí ṣì lè wúlò fún ìpele kẹta, èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba kí wọ́n tún un ṣe.

Èyí tí kò ṣeé tì padà mọ́ ló sábà máa ń gba iṣẹ́ abẹ. Ọ̀nà tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì, Milligan àti Morgan, kọ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò: wọ́n á gé e, wọ́n á sì fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ kó san fúnra rẹ̀. Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe eré, ṣùgbọ́n òun ni àìsàn náà kì í sábà padà lẹ́yìn rẹ̀.

Kókó dúdú tó dédé wú sí etí ìdí, tó ń dunni bí ẹni fi iná jó o, ò sí nínú ìpele wọ̀nyí. Ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀. Bí kò bá tíì ju wákàtí 72 lọ, dókítà lè gé e. Bó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó ti ń lọ nìyẹn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti sùúrù ló kù.

Jẹjẹrẹ ìfun náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ o. Ẹni tó ti lé ní ọdún 45, ẹni tó ń rù, tàbí ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí wọ́n wo inú ìfun rẹ̀ ná kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí.