Àsè ọdọọdún ẹgbẹ́ ọkọ̀ onígbòkun

Àsè ọdọọdún ẹgbẹ́ ọkọ̀ onígbòkun ni ìpàdé tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun gbafẹ́ lórí omi máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n á jẹ oúnjẹ ọ̀sán pọ̀, wọ́n á sì jókòó gbọ́rọ̀ lẹ́nu àlejò kan. Kì í ṣe ìpàdé ìdìbò tàbí ìṣirò owó. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Írẹ́lándì, ìgbà òtútù ni wọ́n sábà máa ń fi sí, nígbà tí ọkọ̀ kò sí lórí omi.

Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án ni ojú ọjọ́ ibẹ̀ dára jù fún ìgbòkun títa. Tó bá di oṣù kẹwàá, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ gòkè, wọ́n á tú ìgbòkun kúrò lára òpó, wọ́n á ká a pa mọ́, wọ́n á sì ha gbogbo ohun tó ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ dànù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a máa jẹun alẹ́ pọ̀ láti fi kógbá àsìkò náà sílé, wọ́n á sì tún jẹ òmíràn kí ọkọ̀ tó padà sómi. Àárín méjèèjì yìí ni oúnjẹ ọ̀sán bọ́ sí. Nínú oṣù kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọ̀sán ló rọrùn fún àgbàlagbà tó máa wa mọ́tò ara rẹ̀ padà sílé.

Ẹni tí wọ́n ń pè wá sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ẹni tó dá nìkan tukọ̀ la òkun Àtìláńtíìkì já, ẹni tó ń tún ọkọ̀ onígi àtijọ́ kàn, tàbí atukọ̀ RNLI, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1824 láti máa yọ àwọn tó bá há sínú ewu lójú òkun. Ọrẹ àwọn ènìyàn ni àjọ yìí fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ kì í sì í gba owó oṣù, torí náà kò yani lẹ́nu bí igbá ọrẹ bá ń lọ káàkiri tábìlì kí tíì tó dé. Ìtàn tí nǹkan ti bàjẹ́ ló máa ń dùn jù: òpó tó ṣẹ́ lóru, omi mímu tó tán. Èyí tí gbogbo rẹ̀ lọ geere kì í pẹ́ kó oorun bá ẹni tó ti yó.

Àṣà jíjẹun pọ̀ yìí ti lọ́jọ́ lórí. Ní 1720, William O'Brien, ìjòyè Inchiquin, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún dá Water Club sílẹ̀ ní èbúté Cork ní Írẹ́lándì. Òun ló wá di Royal Cork Yacht Club, tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí ẹgbẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó dàgbà jù ú lọ láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará St Petersburg ní Rọ́ṣíà ń bá wọn du oyè náà. Erékùṣù Haulbowline ni wọ́n ti ń pàdé, ọmọ ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ ju 25 lọ. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò dá ọjọ́: bó bá lé, tàbí tó di àrànmọ́jú, tí òkun kún dé góńgó, wọ́n á pàdé. Wọ́n á to ọkọ̀ wọn bíi ti ológun ojú omi, wọ́n á máa fi àsíá àti ìbọn pe ara wọn, lẹ́yìn náà ó di ìdí oúnjẹ.

Ìdí oúnjẹ yìí gan-an ni òfin pọ̀ sí. Olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní Admiral, ló ń se àsè, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbé ju àwo ẹran méjì kalẹ̀, wáìnì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìgò 24 lọ, àfi bí wọ́n bá pe àwọn adájọ́. Wíìgì onírù gígùn àti aṣọ alápá gbàgẹ̀rẹ̀ di èèwọ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ títù lẹ́yìn oúnjẹ máa mu ife ọtí kíkún dẹ́múdẹ́mú gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, ìtanràn tí ẹlòmíràn á mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ kó lè san. Bí wọ́n bá fi òfin yìí de àwọn ẹgbẹ́ òde òní, àlejò tí wọ́n pè wá sọ̀rọ̀ kò ní dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ parí ọ̀rọ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, òdìkejì òfin Cork ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 1815, ọkùnrin 42 pàdé ní ilé ọtí Thatched House, wọ́n sì pinnu láti máa jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Cowes, ìlú etíkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n máa jẹun kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹgbẹ́ náà ló ń jẹ́ Royal Yacht Squadron láti 1833. Tiwọn ni àṣà òde òní jọ.

Ẹgbẹ́ Cork darapọ̀ mọ́ Royal Munster Yacht Club ní 1966, ó sì kó lọ sí Crosshaven, ìletò kan létí èbúté Cork náà. Ní Èkó, níbi tí Lagos Yacht Club ti wà láti 1932, ọkọ̀ kì í sá fún òtútù. Èèyàn lè tukọ̀ láàárọ̀ kó sì jókòó ti oúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà.