Bí Barcelona Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Ọba Faransé

Nígbà tí àwọn Frank, tí ilẹ̀ wọn wá di Faransé, gba Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ní ọdún 801, wọ́n sọ ọ́ di ibodè ilẹ̀ wọn. Àwọn ìjòyè tó ń ṣàkóso Barcelona, Girona, Urgell àti àwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká ń búra fún ọba Frank. Ọba náà ló yẹ kó dáàbò bò wọ́n.

Ọdún 985 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù Keje, al-Mansur, ẹni tí gbogbo agbára káàlífà Córdoba, olórí àwọn Mùsùlùmí ní gúúsù Sípéènì, wà lọ́wọ́ rẹ̀, kógun wọ Barcelona. Wọ́n sun ìlú, wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lẹ́rú lọ sí Córdoba. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà ṣì ń mẹ́nu ba ọjọ́ tí ìlú náà parun.

Ìjòyè Borrell Kejì ké sí ọba. Ọba Lothair kú ní 986, Louis ọmọ rẹ̀ kú ní 987, Hugh Capet láti ìdílé mìíràn sì gorí oyè. Gerbert ló bá Hugh kọ lẹ́tà sí Borrell. Ilẹ̀ Borrell gan-an ni Gerbert yìí ti kàwé nígbà èwe rẹ̀, kó tó wá di Póòpù. Lẹ́tà náà ní kí Borrell wá bá ọba ní Aquitaine ní gúúsù Faransé, kó fi ìgbọràn rẹ̀ hàn. Ọmọ ogun kankan kò dé láti ọ̀dọ̀ ọba, kò sì sí àkọsílẹ̀ pé Borrell lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni òmìnira Catalonia, ìyẹn ilẹ̀ Barcelona àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, ti ṣẹ̀, nínú ìyà tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn pín.

Ní 1003, àwọn ìjòyè yìí ti ń dá jà fúnra wọn. Ramon Borrell ọmọ Borrell, Ermengol ti Urgell àbúrò rẹ̀, àti àwọn ìjòyè Besalú àti Cerdanya parapọ̀ kojú ogun Córdoba ní Torà. Ní Albesa lọ́dún kan náà, bíṣọ́ọ̀bù Elna kú sójú ogun.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Córdoba, apá kan níbẹ̀ fowó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Ní 1010, Ramon Borrell àti Ermengol kógun lọ sí olú ìlú al-Mansur fúnra rẹ̀. Ermengol kò padà wálé láti ìrìn àjò náà, àmọ́ wúrà Córdoba wọ ilẹ̀ wọn. Láìpẹ́ ni Barcelona bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó wúrà tirẹ̀, tí wọ́n fi ti Córdoba ṣe àwòkọ́ṣe.

Síbẹ̀, títí di 1180 ni àwọn akọ̀wé wọn ń fi ọdún ìjọba ọba Faransé ka ọjọ́ nínú ìwé. Ọdún 1258 ni Louis Kẹsàn-án, ọba Faransé, ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i nínú àdéhùn ní ìlú Corbeil pé òun kò ní ẹ̀tọ́ kankan mọ́ lórí Barcelona.