Ẹ̀rọ kan kò tó: bí àwọn ẹ̀ka jiọ́lọ́jì yunifásítì ṣe ń gbé ara wọn ró

Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984, àwọn ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta náà sì mọ̀ ọ́n lára. Kí ènìyàn tó lè sọ ibi tí irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ sáísímómítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀, kan ṣoṣo kò tó, bó ti wù kó dára tó.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ìgbì méjì ló ń jáde níbi tí ilẹ̀ ti mì. Èyí tó yára máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 6 nínú àpáta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bí èkejì bá dé ní ìṣẹ́jú àáyá 10 lẹ́yìn èkíní, a jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ ti mì jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 80. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè fi gbogbo ẹnu sọ apá ibi tó ti wá. Láti Ilé-Ifẹ̀, kìlómítà 80 lè jẹ́ ìtòsí Ọ̀yọ́, ó sì lè jẹ́ ìtòsí Àkúrẹ́. Àfi kí ẹ̀rọ kejì àti ìkẹta wà níbòmíràn, kí wọ́n fa ìlà roboto yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká lórí máàpù. Ibi tí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni wọ́n ń wá. Nàìjíríà ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Nsukka, Kàdúná àti Toro ní Bauchi. Ohun tí Ifẹ̀ bá gbà sílẹ̀ kò tíì pé títí yóò fi dàpọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù.

Orí ọgbọ́n yìí ni wọ́n gbé AfricaArray kà, ìyẹn ẹgbẹ́ tó so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri Áfíríkà. Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà àti Council for Geoscience, iléeṣẹ́ ìjọba South Africa tó ń rí sí ìmọ̀ ilẹ̀, ló jọ dá a sílẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bí ogún ọdún. Yunifásítì àti iléeṣẹ́ ìjọba káàkiri Áfíríkà ló ń gba ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á sì wúlò fún gbogbo ẹgbẹ́. Ibi tó dára sí jù ni pé wọn ò ya ẹ̀kọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ń péjọ sí South Africa fún ẹ̀kọ́ orí pápá, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń túmọ̀ ohun tó bá gbà.

Ti òkúta le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti mọ ọjọ́ orí àpáta, wọ́n máa ń ṣa kóro síkọ́ọ̀nù, ohun àlùmọ́nì kíkéré kan tó le, tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá wọn yuréníọ̀mù àti òjé tó wà nínú kóro náà, torí pé díẹ̀díẹ̀ ni yuréníọ̀mù ń di òjé, ìwọ̀n tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í sì í yí padà. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ìwọ̀n yìí gbówó lórí, ẹ̀ka díẹ̀ ló lè dá a rà. Òkúta á wá gba òkè òkun lọ. Tó bá jẹ́ òkúta nìkan ló lọ, nọ́ńbà nìkan ló máa padà wá, ẹ̀ka tó fi ránṣẹ́ kò sì ní mọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ bá a lọ, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa kóro, torí iṣẹ́ ṣíṣà ṣeé ṣe nílé.

Láàárín Nàìjíríà àti Brazil, ẹnìkan kò ṣe ẹnìkejì lóore. Ọ̀pọ̀ àpáta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, tí ooru inú ilẹ̀ tún sè ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, bá ti agbègbè Borborema ní àríwá ìlà oòrùn Brazil mu. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n kí òkun Àtìláńtíìkì tó là wọ́n. Ibi tí àpáta ti sán níhìn-ín, ọwọ́ àwọn ará ọ̀hún ni ìyókù ìtàn rẹ̀ wà.

Ohun tó sábà ń pa àjọṣe kò níyì láti sọ: bátìrì, díísù, owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Owó ìrànwọ́ a máa ra ẹ̀rọ, àmọ́ kì í sábà rántí ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́dún karùn-ún. Ó yẹ kí ìwé àdéhùn dárúkọ ẹni yẹn.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba ẹ̀rọ púpọ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Pan African University ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo Áfíríkà ní wíwá ohun àlùmọ́nì àti ìmọ̀ ilẹ̀ epo rọ̀bì. Ìpele ilẹ̀ tí òkúta sìmẹ́ǹtì Ewékorò wà nínú rẹ̀ gba Benin àti Togo kọjá wọ Ghana, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ní Benin àti Togo. Ẹni tó bá ti bá ará Cotonou kàwé pọ̀ ní Ìbàdàn ti mọ ẹni tí yóò pè.